Etí Ọ̀sà ní Ìlú Èkó

Àwọn àgbà ni wọ́n sọ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí ẹnì kan bá ti òkè wá sí Èkó, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń fi hàn án ni Màríínà pẹ̀lú àwọn ilé gogoro tí ó wà níbẹ̀, àti Erékùṣù Victoria pẹ̀lú etíkun rẹ̀. Yóò wò wọ́n, yóò yanu, yóò sì padà sí ilé láti máa wí pé òun ti mọ Èkó. Kò ì mọ̀ ọ́n. Ìhà gúúsù erékùṣù náà, tí ó kọjú sí ibi tí ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí, ni wọ́n mú un rìn. Ìhà àríwá, tí ó kọjú sí ọ̀sà, níbi tí àwọn ará Èkó ti ń gbé kí òyìnbó tó dé, kò fi ẹsẹ̀ kàn án rárá. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ rìn dé nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Ohun kan wà tí mo ní láti kọ́kọ́ sọ fún yín, kí ẹ má baà wá omi títí kí ẹ má rí i. Ní etí ọ̀sà Èkó, orúkọ àdúgbò ni kí ẹ máa tọ̀, kì í ṣe ohun tí ojú rí nìkan. Omi ti ṣí kúrò ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi. Ọmọ ènìyàn ni ó dí i. Ṣùgbọ́n orúkọ kò bá omi ṣí. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè rẹ̀ dáradára lè ti inú orúkọ mọ ibi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀ rí, ẹni tí ó gúnlẹ̀ síbẹ̀, àti ohun tí ó bá wá.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Olówógbowó, ní ìpẹ̀kun erékùṣù náà ní ìwọ̀ oòrùn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn Sàró tẹ̀dó sí lẹ́yìn ọdún 1851. Ọmọ Yorùbá ni púpọ̀ nínú wọn, tí a ti kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí a sì kó lọ sí Sierra Leone. Ibẹ̀ ni àwọn àti àwọn ọmọ wọn ti wá ọ̀nà padà sílé. Wọ́n mú ìwé àti ẹ̀sìn Ìgbàgbọ́ bọ̀, wọ́n sì mú òwò bọ̀. Orúkọ àdúgbò náà fúnra rẹ̀ sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ owó kì í jìnnà síbẹ̀: olówó gba owó rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Apọ́ngbọ̀n wà. Àwọn ọmọ òde òní rò pé orúkọ afárá ni, nítorí pé abẹ́ afárá ni wọ́n ti ń wọ dáńfó. Òyìnbó kan ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. William McCoskry ni orúkọ rẹ̀, oníṣòwò ni, òun ni ó sì ṣe adelé gómìnà nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861. Irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n. Àwọn ará Èkó kò da ara wọn láàmú láti máa pe McCoskry; wọ́n wo àgbọ̀n rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní A-pọ́n-àgbọ̀n. Gómìnà mélòó ni ó ti jẹ lẹ́yìn rẹ̀ tí ará ọjà kò rántí orúkọ wọn mọ́!

Bí ẹ bá yà sí apá àríwá láti ibẹ̀, Ẹbúté-Èrò ni ẹ óò bọ́ sí. Èrò ni ẹni tí ń rin ìrìnàjò, ẹbúté sì ni ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Kí afárá tó so erékùṣù mọ́ ilẹ̀, ibí ni ẹnu ọ̀nà Èkó fún ẹni tí ó bá gba orí ọ̀sà wá: ará Ìkòròdú, ará Ẹ̀pẹ́, ará Ìjẹ̀bú, àti àwọn tí ń bọ̀ láti ọ̀nà Àgbádárìgì, pẹ̀lú gàrí, epo pupa, ẹní àti ìkòkò nínú ọkọ̀ wọn. Lónìí, ọkọ̀ ilẹ̀ ni ó ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù náà wá, ṣùgbọ́n ọjà kò kúrò níbi tí omi fi í sí. N kò ní fi pamọ́ fún yín pé mo fẹ́ràn Ẹbúté-Èrò ju Màríínà lọ. Ní Màríínà, ènìyàn lè rìn láti òwúrọ̀ di alẹ́ kí ẹnikẹ́ni má béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ lọ, kí oòrùn tó mú, kí èrò tó kún ọ̀nà. Ẹ má ṣe dúró sí àárín ọ̀nà láti máa wòkè; bí ẹ bá gbọ́ tí aláàárù ké pé, “Àgò o!” ẹ yára yà, nítorí ẹni tí ó ru àpò ẹrù lé orí kò lè yà fún yín. Bí ẹ bá dé iwájú ìsọ̀, kí ẹ tó béèrè ohunkóhun, ẹ kí ìyá tí ó jókòó síbẹ̀: “Ẹ kú ọjà o, mà. Ajé á wọ igbá.” Yóò dáhùn, yóò sì wo ojú yín. Ó ṣeé ṣe kí ó bi yín pé, “Ọmọ ilé wo ni yín?” Ìbéèrè yìí kì í ṣe ìwọ̀sí. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ilé ni a fi ń mọ ènìyàn. Bí ẹ bá sọ pé láti Ìbàdàn tàbí láti Ondó ni ẹ ti wá, tí ẹ sì sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi ọ̀nà hàn yín.

Ní iwájú díẹ̀, ẹ óò kan Alákorò àti Ìdúmàgbò. Ẹ wo ilẹ̀ dáradára níbẹ̀, nítorí pé orí omi àtijọ́ ni ẹ dúró sí. Àbàtà ni Alákorò. Ọ̀sà kékeré kan wà ní Ìdúmàgbò. Odò tóóró kan sì wà ní Ẹlẹ́gbàtà. Ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í dí wọn, pàápàá láti ìgbà gómìnà MacGregor, tí ó jẹ́ oníṣègùn, tí ó sì ṣe ìjọba láti ọdún 1899 sí ọdún 1904. Ẹ̀fọn àti ibà ni ó ń bá jà, ìdí náà kò sì burú. Àmọ́ omi kì í gbàgbé ilé rẹ̀. Bí òjò ńlá bá rọ̀, Ìdúmàgbò ni ọ̀gbàrá ń gbá jọ sí, títí ìjọba fi ní láti kọ́ ibùdó ẹ̀rọ tí yóò máa fa omi náà padà sí ọ̀sà.

Ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé “Ìdú” ni ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ Ìdúmàgbò, gẹ́gẹ́ bí ó ti bẹ̀rẹ̀ Ìdúmọ̀tà àti Ìdúntáfà. Èdè Bìní ni a ti mú un. Àdúgbò ni ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Àwọn kan tilẹ̀ sọ pé láti inú èdè Bìní ni Èkó fúnra rẹ̀ ti wá, pé bùdó ogun ni. Àwọn mìíràn ní rárá o, oko Àrómirẹ́ ni. Ìga Ìdúngànrán, ààfin Ọba Èkó, wà nítòsí, ìtàn sì sọ pé orí ilẹ̀ tí Àrómirẹ́ gbin ata sí ni a kọ́ ọ sí. Ẹ fọ orúkọ Àrómirẹ́ sí wẹ́wẹ́, ẹ óò rí omi àti rírẹ́ nínú rẹ̀: ẹni tí ó bá omi ṣọ̀rẹ́. Ìdílé rẹ̀ wà lára àwọn Ìdẹ́jọ, àwọn olóyè onífìlà funfun tí wọ́n ni ilẹ̀ Èkó, bí i Olótó ní Ìddó, Ojọrà ní Ìjọrà, Onírù àti Ọníkòyí.

Bí ó bá bọ́ sí àkókò Èyò, ẹ mọ̀ pé ìlànà wà. Kì í ṣe ọdọọdún ni a ń ṣe é. Ikú ọba tàbí ti ẹni pàtàkì ni ó sábà máa ń mú un jáde, ti ọdún 1854, lẹ́yìn ikú Ọba Akítóyè, sì ni a máa ń kà sí àkọ́kọ́ tí a kọ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá wà ní ojú ọ̀nà Èyò kò gbọdọ̀ wọ bàtà, kò gbọdọ̀ gun kẹ̀kẹ́, obìnrin kò sì gbọdọ̀ di irun ṣùkú. Ẹni tí ó bá ṣe àgídí yóò fi ara gba ọ̀pámbàtà.

Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó wà ní ìlà oòrùn ibẹ̀, ìtàn rẹ̀ sì dùn mọ́ mi ju gbogbo ìyókù lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, wọ́n sì dá Akítóyè padà. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gba orí ọ̀sà sá lọ, wọ́n sì fi Ẹ̀pẹ́ ṣe ilé fún bí ọdún mẹ́wàá. Nígbà tí àdéhùn wà pé kí wọ́n máa bọ̀ ní ọdún 1862, wọ́n padà wá lábẹ́ olórí ogun wọn, Oṣòdì Tápà. Àwọn tí wọ́n bá nílé kò pè wọ́n ní ará Èkó mọ́. Ará Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n pè wọ́n. Ibi tí a fún wọn ni ó di Ẹ̀pẹ́-tẹ̀-dó. Ẹ rò ó wò: ọmọ Èkó ni ọ̀pọ̀ wọn, ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn odi sì sọ wọ́n di àlejò nínú ìlú wọn títí di òní. Àdúgbò yìí kan náà ni Olóyè M. K. O. Abíọ́lá dúró sí ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1994 tí ó kéde pé òun ni ààrẹ tí àwọn ará Nàìjíríà dìbò yàn.

Mo gbọdọ̀ mẹ́nu kan Pópó Àgùdà, ibi tí àwọn tí ó padà láti Brazil àti Cuba tẹ̀dó sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ní etí ọ̀sà gan-an. Ibẹ̀ ni Ilé Ìlójo wà ní Gbàgede Tinúubú. A kọ́ ọ ní ọdún 1855, a sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956, a sì wó o palẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Ẹ má ṣe rò pé ohun tí a kọ sínú ìwé ìjọba kò lè wó.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ó kù tí a óò fi kọjá afárá. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ kan ní Àpápá, Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, pe ẹjọ́ títí dé ilé ẹjọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay bá a lọ. Ní ọdún 1921, àwọn adájọ́ dá a láre: wọ́n ní ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwọn ènìyàn tí olóyè ń ṣojú fún, àti pé bí ìjọba bá gbà á, ó gbọdọ̀ san owó rẹ̀ fún wọn bí ẹni tí ó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ẹ fi ọdún yẹn sọ́kàn.

Afárá Carter, tí a kọ́kọ́ ṣí ní ọdún 1901, ni yóò gbé wa dé Ìddó, àti láti ibẹ̀ dé Ẹbúté-Mẹ́ta, níbi tí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá sá wá nígbà Ìfọ́lé ọdún 1867. Ní ẹ̀bá ọ̀sà níbẹ̀ ni Òkó-Bàbá, tí wọ́n ti la gẹdú rí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà náà, igi láti ìhà Oǹdó a máa léfòó wá lórí omi, tí a dì mọ́ ara wọn bí ẹní. Ìyẹ̀fun igi tí ayùn ń dà sílẹ̀ níbẹ̀ kò ṣòfò. Àwọn ará Mákòkó, aládùúgbò wọn, kó o lọ láti fi dí àbàtà, kí wọ́n lè rí ilẹ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

Ọ̀pọ̀ yín ti rí Mákòkó láti orí Afárá Kẹta, láìdúró. Láti òkè yẹn, èéfín àti páànù ni ojú ń rí. Láti inú ọkọ̀, ìlú ni. Àwọn apẹja Ègùn láti ìhà Àgbádárìgì àti láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni ó tẹ ibẹ̀ dó ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Ìlàjẹ sì wà pẹ̀lú wọn. Orí òpó ni ilé wọn dúró lé. Ọ̀nà wọn ni omi. Ìyá kan a wa ọkọ̀ kọjá pẹ̀lú ìrẹsì nínú ìkòkò, òmíràn a gbé omi mímu wá, nítorí pé omi tí ó yí wọn ká kò ṣeé mu. Ọkùnrin ni ó ń dẹ àwọ̀n. Obìnrin ni ó ń yan ẹja, tí ó sì ń gbé e lọ sí ọjà. Ọmọ ọdún mẹ́fà mọ àjẹ̀ í lò ju bí ẹ ti mọ kẹ̀kẹ́ í gùn lọ. Ẹ má ṣe dá lọ síbẹ̀. Ẹ wá ẹni tí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀, ẹ dúnàádúrà kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ jókòó sí àárín, ẹ má sì ya àwòrán ẹnikẹ́ni láìgba àṣẹ; inú ilé wọn ni ẹ wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí omi ni.

Ní oṣù Keje ọdún 2012, àwọn tí ìjọba rán wó apá kan Mákòkó. Ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn kú nínú rògbòdìyàn náà. Wọn kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́. A ti lé gbogbo Màrókò ní oṣù Keje ọdún 1990, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn. Láàárín ìparí ọdún 2016 àti oṣù Kẹrin ọdún 2017, a sun ilé, a sì wó ilé ní Otodo Gbame, ìlú àwọn apẹja Ègùn ní ìhà Lẹ́kí, títí kò fi kù. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó sọ pé lílé ènìyàn bẹ́ẹ̀ láìpèsè ibòmíràn fún wọn lòdì sí òfin. Ìdájọ́ náà dára. Ilé ti wó kí ó tó dé. Àwọn kan a máa wí pé ilé orí omi kò mọ́, pé ó ń ba ojú ìlú jẹ́. Kò mọ́ tó, lóòótọ́. Ìsàlẹ̀ Èkó náà kò mọ́ nígbà kan. Ẹ̀fọn ni a lé níbẹ̀, a kò lé Àrómirẹ́.

Ìyàtọ̀ tí mo rí láàárín Olóyè Olúwa àti apẹja Mákòkó ni pé ọ̀kan ní orúkọ tí ilé ẹjọ́ mọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ béèrè orúkọ àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Wọn yóò dá Oko Àgbọn, Adógbó àti Ṣógúnrò fún yín. Ẹ béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ ri òpó síbẹ̀, ibi tí ó ti wá, àti ìdí tí wọ́n fi ń pe orí omi ní oko. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì ní ọjọ́ Ajé.