Ẹ Fọwọ́ Ara Yín Rán Ibùsùn Àfikọ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹni tó bá ti sùn mọ́jú lórí Òkè Shere mọ̀ pé àpáta kì í ṣe tìmùtìmù. Ẹ jẹ́ kí a rán ibùsùn àfikọ́, aṣọ tí à ń so sí àárín igi méjì. Àwọn Taíno ní erékùṣù Caribbean ti ń sùn sínú rẹ̀ kí Columbus tó débẹ̀ ní 1492.

Ẹ ra kakí, ọ̀pá 3 àbọ̀, kí ìbú rẹ̀ tó íǹṣì 60. Ẹ má ra àǹkárá pọ́ọ́kú. Èmi rà á. Ó ya lóru, ìdí ni mo fi sọ̀.

Ẹ ṣẹ́ etí méjèèjì tó gùn. Lẹ́yìn náà, ẹ ká orí kọ̀ọ̀kan bí ibi tí à ń ki okùn bọ̀ ní ṣòkòtò, kó fẹ̀ tó ìka 3. Ibẹ̀ ni gbogbo ìwúwo yín yóò rọ̀ sí! Òwú tí ọwọ́ kò lè já ni kí ẹ fi rán an, ní ìlà 3, kí ẹ sì máa dá abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn.

Ẹ ki okùn tó nípọn tó ọmọńdinrín bọ̀ ọ́, ẹ fà á kí aṣọ ṣùjọ, ẹ ta kókó. Igi yukalíptọ́ọ̀sì kò wọ́n ní Jos. Ẹ yan èyí tó ki ju itan lọ. Ẹ jẹ́ kí okùn dẹ̀, torí èyí tó le gbagidi ló ń já. Kó má ga ju àga lọ. Ẹ fi àpò ìrẹsì dán an wò (bí ẹ bá rí ẹni yá yín). Ẹ dábùú díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀yìn yín yóò tẹ́.

Jos ga tó mítà 1,200 ju òkun lọ. Nígbà ọyẹ́, ẹ tẹ́ kúbùsù sábẹ́ ara, torí abẹ́ ni òtútù ń gbà wọlé.