Kí Lésà Tó Kan Ojú Yín

Lẹ́yìn Àjíǹde èṣí, ọmọ àbúrò mi obìnrin wá kí mi láti Èkó. Ó fi ìborùn bo orí títí dé àgbọ̀n, nínú ooru Ìbàdàn. Nígbà tó tú u, ẹnu yà mí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì kún fún àmì dúdú wínníwínní tó tò bí ojú asẹ́. Irorẹ́ kì í tò báyẹn.

"Màmá Ìbàdàn, lésà ni."

Kòtò irorẹ́ ló fẹ́ dí kí ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ tó pé. Ilé ìtọ́jú ẹwà kan ló lọ. Kò sẹ́ni tó bi í níbẹ̀ pé kí ló fi ń para. Ọjọ́ tó débẹ̀ gan-an ni wọ́n ní kó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì.

Lésà fúnra rẹ̀ ò burú. Àwọn dókítà awọ ara ń lò ó, ó sì ń mú kòtò ojú fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ooru ni èyí tí wọ́n ń lò jù fún àpá fi ń ṣiṣẹ́: á mú omi inú awọ hó, á jó ihò tín-ín-rín sí i, kí awọ tuntun lè hù níbẹ̀. Awọ dúdú kì í tètè gbàgbé ìjóná. Ẹni tí epo ta sí lápá rí nígbà tó ń dín dòdò mọ ohun tí mò ń wí: egbò á jinná, ojú ibẹ̀ á dúdú ju ara yòókù lọ, ó lè tó oṣù mẹ́fà, ó lè lé lọ́dún kan. Mẹ́láníìnì, èròjà tó fún wa láwọ̀, ló kó jọ síbẹ̀. Irú lésà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ohun dúdú gan-an ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń wá. Lára òyìnbó, àmì ló máa bá. Lára tiwa, gbogbo ojú ni.

Ní 1975, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Thomas Fitzpatrick, pín awọ ara sí ọ̀wọ́ nípa bí oòrùn ṣe ń ṣe é. Mẹ́rin ni ọ̀wọ́ náà níbẹ̀rẹ̀, awọ òyìnbó sì ni gbogbo wọn. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n fi ìkarùn-ún àti ìkẹfà kún un. Àwọn méjì tí wọ́n fi kún un yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa wà. Ẹ bi ẹni tó fẹ́ fi lésà kàn yín pé ọ̀wọ́ wo ni tiyín. Bó bá ń wò yín bọ̀ọ̀, ẹ gbé báàgì yín.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá lésà kiri ò ní àpá rárá. Ẹ fi ìka ra ojú yín. Bó bá tẹ́jú, tí kò sí kòtò, àbàwọ́n lásán ni irorẹ́ fi sílẹ̀. Ìpara tí dókítà kọ, bí azelaic acid, àti ìpara tó ń dènà oòrùn lójoojúmọ́, lè mú un lọ díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹ̀rọ kankan.

Ẹni tó ní kòtò lóòótọ́, kí irorẹ́ tuntun kọ́kọ́ dáwọ́ dúró ná. Kí wọ́n dán lésà náà wò níbi kékeré lẹ́yìn etí, kí ẹ sì dúró ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí dúdú yìí kì í yọjú lọ́jọ́ kejì. Bí ẹ bá ń bóra, bí ẹ bá ń lo isotretinoin, oògùn irorẹ́, tàbí bí àpá máa ń wú sókè lára yín, ẹ má tijú, ẹ sọ ọ́. Ẹ tún béèrè bóyá ìtọ́jú abẹ́rẹ́ wínníwínní ò ní tó, torí kì í sábà mú ojú dúdú tó lésà.

Bí ojú bá sì ti dúdú tán ńkọ́? Ibí ni ọmọ wa ti ṣìṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ó lọ ra ìpara àpòpọ̀, èyí tí wọ́n ń rọ sínú ike tí kò ní orúkọ lára. Nínú irú rẹ̀ ni wọ́n ti ń bá mákúrì àti sítẹ́rọ́ìdì líle. Haidirokuínóònù, èròjà ìbóra, tí wọ́n bá lò pẹ́ láìsí dókítà, òun fúnra rẹ̀ lè sọ ojú di dúdú aláwọ̀ eérú. Ojú ń ta ọmọ wa, ó ń pọ́n, dúdú náà sì ń le sí i. Mo gba ike náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara. Ìyẹn ní kó má ṣí èépá, kó máa fi ìpara dènà oòrùn bó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ òjò. Ó ní ọpẹ́ ni pé dúdú ló dà. Ibi tí lésà bá sọ di funfun, ó lè pẹ́ kó tó hàn, ó sì lè má padà mọ́.

Ó ṣègbéyàwó, ẹni tó kun ojú fún un ṣe wàhálà gidi. Nígbà tí a fi rí ara wa ní Kérésì, ojú asẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Àwọn kòtò tó torí wọn lọ ṣì wà níbẹ̀.