Ẹ̀KỌ́: NÍGBÀ TÍ WỌ́N BÁ NÍ OLÙWÁDÌÍ Ń ṢE OJÚSÀÁJÚ

Bíbélì Kíkà: Ẹ́kísódù 23:1-3, Léfítíkù 19:15, 2 Sámúẹ́lì 12:1-13
Ẹsẹ Àkọ́sórí: Òwe 18:17
Ète Ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ ohun tí ó yẹ kí a bèèrè kí a tó gba ẹ̀sùn ojúsàájú gbọ́, tàbí kí a tó kọ̀ ọ́.

Ìṣáájú
Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Nígbàkúùgbà tí ìjọba bá yan àwọn ènìyàn láti wádìí ìwà ìkà tí ó ti kọjá, kí ìlàjà lè wà, a ó gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé, "Ojúsàájú ni wọ́n ń ṣe." Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ti jáde, àwọn kan a di etí sí gbogbo ohun tí ẹni tí a ni lára ń wí. Àwọn mìíràn a bínú sí ẹni tí ó sọ ọ́. Kò yẹ kí Kristẹni yára ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì.

1. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Oputa
Ní oṣù kẹfà ọdún 1999, kété tí ìjọba ológun parí, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ yan ìgbìmọ̀ kan láti wádìí ìpànìyàn àti ìfìyàjẹni tí ó ti ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà. Alága rẹ̀ ni Adájọ́ Chukwudifu Oputa, tí ó ti fẹ̀yìn tì ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Fada Matthew Kukah wà lára wọn. Ìwé ẹ̀sùn tí àwọn ará ìlú kọ lé ní 10,000. Díẹ̀ péré ni wọ́n rí àyè gbọ́ ní gbangba, ní Àbújá, Èkó, Port Harcourt, Enugu àti Kánò.

Ẹ̀sùn ojúsàájú méjì ni ó dìde. Èkíní ni ti ọdún. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìparí ọdún 1983 ni wọ́n ní kí ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀. Èyí yọ ìjọba Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀ sílẹ̀, láti 1976 sí 1979. Ọdún 1977 ni àwọn sójà jó ilé Fẹlá, tí wọ́n sì ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé. Ẹ̀sùn yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n fa ìwádìí náà sẹ́yìn dé oṣù kìíní ọdún 1966, Ọbásanjọ́ sì wá jókòó níwájú ìgbìmọ̀ ní 2001, ó dáhùn ìbéèrè.

Èkejì ni pé àwọn kan, pàápàá láti Àríwá, ní ẹ̀san ni Ààrẹ fẹ́ gbà. Àwọn ọ̀gágun mẹ́ta tí ó ti ṣe olórí ìjọba, Buhari, Babangida àti Abdulsalami, kò yọjú. Ẹjọ́ dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, ní 2003 ilé ẹjọ́ náà sì sọ pé òfin ọdún 1999 kò fún ìjọba àpapọ̀ ní agbára láti gbé irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti lọ sí ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo Òwe 18:17: ẹni tí ó kọ́kọ́ rojọ́ a dà bí olódodo, títí ẹnìkejì rẹ̀ yóò fi dé. Bí ẹnìkejì bá kọ̀ tí kò dé ńkọ́? Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a pè tí kò wá, kò lè dá adájọ́ nìkan lẹ́bi pé apá kan ni ó gbọ́.

Ní oṣù karùn-ún 2002 ni wọ́n gbé àbọ̀ fún Ààrẹ. Ìjọba kò tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ó wà ní Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé e síta ní 2005. Ohun tí ó pa àwọn tí ó kọ̀wé ẹ̀sùn lára jù nìyí: wọ́n sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn, ilẹ̀ sì bò ó.

2. Nítòsí Wa
Ní oṣù kọkànlá 2010, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn yọ Gómìnà Olágúnsóyè Oyínlọlá, Ọ̀gbẹ́ni Ráúf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ọmọ Iléṣà, sì gorí àga. Ní 2011, ìjọba rẹ̀ yan ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà fún Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lábẹ́ Adájọ́ Samson Uwaifo. Àwọn ẹgbẹ́ PDP ní wọ́n fẹ́ fi dọdẹ àwọn ni. Àwa ará Iléṣà ni ẹ̀kọ́ yìí kàn jù. Bí ọmọ wa bá gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, ojú wa kì í tètè rí ojúsàájú. Bí ọmọ ẹlòmíràn bá gbé e kalẹ̀, kíá ni a ó rí i. Léfítíkù 19:15 kò gbà wá láyè láti gbè sẹ́yìn tálákà tàbí ẹni ńlá. Ẹ jẹ́ kí a pààrọ̀ orúkọ àwọn méjèèjì nínú ọkàn wa, kí a sì wò ó bóyá ìdájọ́ wa kò ní yí padà.

3. Gúúsù Áfíríkà
Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Desmond Tutu ni alága ìgbìmọ̀ ti wọn. Nígbà tí àbọ̀ fẹ́ jáde ní oṣù kẹwàá 1998, de Klerk lọ sí ilé ẹjọ́, wọ́n sì fi dúdú bo ohun tí a kọ nípa rẹ̀. Ẹgbẹ́ ANC pàápàá, tí ó wà lórí oyè, lọ sí ilé ẹjọ́ kí àbọ̀ náà má baà jáde, nítorí pé ìgbìmọ̀ kọ ìwà ìkà tiwọn náà sílẹ̀. Wọn kò borí. Ní 1997, àwọn ìjọ wá síwájú ìgbìmọ̀ láti sọ ibi tí àwọn ti kùnà, Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sì wà lára wọn. Ilé Ọlọ́run ni ìdájọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ (1 Pétérù 4:17).

4. Nátánì àti Dáfídì
Ẹ rántí pé Dáfídì bínú gidigidi sí olówó inú ìtàn náà, kí ó tó mọ̀ pé òun ni. Ó lè sọ pé ọ̀tá òun ni ó rán Nátánì. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́wọ́.

Ohun Tí A Ó Ṣe
Bí a bá gbọ́ ẹ̀sùn ojúsàájú, ẹ jẹ́ kí a bèèrè nǹkan mẹ́ta. Ta ni wọ́n yọ sílẹ̀? Ǹjẹ́ ẹni tí ó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ gbà láti dáhùn níwájú rẹ̀? Ǹjẹ́ gbogbo ìlú yóò rí àbọ̀? Bí ìdáhùn kò bá dára, kí a ní kí wọ́n tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ojúsàájú olùwádìí kò sọ ẹkún opó di irọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí a bá ń parí ìjà nínú ẹgbẹ́ wa: kí olórí gbà kí a bi òun náà léèrè.

Ìbéèrè fún Ìjíròrò
1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀sùn méjì tí wọ́n fi kan ìgbìmọ̀ Oputa?
2. Bí ọ̀rẹ́ wa bá wà nínú ìjà tí a fẹ́ parí, kí ni ó yẹ kí a ṣe?
3. Kí ni a lè ṣe fún ẹni tí ó rojọ́ tí a kò dá a lóhùn?

Àdúrà: Olúwa, fún wa ní etí tí ó ń gbọ́ tọ̀tún tòsì, àti ọkàn tí ó gbà kí a wádìí òun náà. Nítorí Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.