ṢÍṢỌ́RA FÚN Ẹ̀TÀN ORÍ ÍNTÁNẸ́Ẹ̀TÌ

Bíbélì kíkà: Jóṣúà 9:3-18
Ẹsẹ àkọ́sórí: Òwe 14:15
Ète ẹ̀kọ́: Kí olúkúlùkù lè dá ẹ̀tàn mọ̀ lórí fóònù rẹ̀, kí ó mọ ohun tí yóò ṣe bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí i, kí ó sì mọ bí a ti ń ran ẹni tí a tàn jẹ lọ́wọ́.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Ní ọdún 2001 ni fóònù GSM wọ Nàìjíríà. Lónìí, fóònù inú àpò ni báńkì, ilé ìfìwéránṣẹ́ àti ìwé ìròyìn ọ̀pọ̀ nínú wa. Ìrọ̀rùn ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ̀rẹ́ ń gbà wọlé ni olè náà ń gbà.

Nínú Bíbélì kíkà wa, àwọn ará Gíbéónì wá sọ́dọ̀ Jóṣúà pẹ̀lú bàtà gbígbó, aṣọ àkísà àti búrẹ́dì tí ó ti bu. Wọ́n ní ọ̀nà jíjìn ni àwọn ti wá. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn àgbà Ísírẹ́lì wo ẹ̀rí wọn. Àṣìṣe wọn ni pé ẹ̀rí tí ẹlẹ́tàn gbé wá ni wọ́n fi dán ọ̀rọ̀ ẹlẹ́tàn wò. Wọn kò béèrè níbi tí ó yẹ kí wọ́n ti béèrè. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni àṣírí tú pé aládùúgbò ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wo ewu mẹ́rin tí ó wọ́pọ̀.

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́

1. Ẹni tí ń pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ báńkì. Yóò pè yín pé BVN yín ní ìṣòro, pé wọn yóò ti àkáǹtì yín pa lónìí. Ó lè mọ orúkọ yín ní kíkún; bàtà gbígbó nìyẹn. Ohun tí ó ń wá ni nọ́ńbà kúkúrú tí yóò wọ fóònù yín, èyí tí à ń pè ní OTP. Ó dàbí kọ́kọ́rọ́ tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ẹni tí ẹ bá kà á fún lè fi kó owó yín lọ. Ẹ má ṣe sọ OTP, PIN tàbí nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì ATM fún ẹnikẹ́ni tí ó pè yín. Ẹ gé ìpè náà, kí ẹ sì fúnra yín pe nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn káàdì yín, tàbí kí ẹ lọ sí báńkì.

2. Ẹni tí ó wọ aṣọ ọ̀rẹ́. Ẹnìkan tí ẹ mọ̀ yóò kọ̀wé lórí WhatsApp pé òun ṣèèṣì fi kóòdù kan ránṣẹ́ sórí fóònù yín, kí ẹ bá òun fi í padà. Kóòdù náà ni a fi ń ṣí WhatsApp tiyín. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́, olè ti gba orúkọ yín. Láìpẹ́, yóò máa tọrọ owó ọsibítù lọ́wọ́ ẹbí àti ẹgbẹ́ yín. Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ bá fi ìwé tọrọ owó lójijì, ẹ pè é kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

3. Ẹni tí ń ṣe ìlérí èrè àpọ̀jù. Ní ọdún 2016, MMM ṣe ìlérí fún àwọn ará Nàìjíríà pé owó wọn yóò fi 30% lé sí i lóṣooṣù. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí èrè bá ń gorí èrè, N50,000 yóò lé ní N1,160,000 lẹ́yìn oṣù méjìlá. Òwò wo ni ó ń mú irú èyí wá? Owó ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n ń san fún ẹni tí ó ti dé ṣáájú. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ rí owó gbà ni búrẹ́dì tí a fi hàn wá. Ní oṣù Kejìlá 2016, wọ́n dá owó sísan dúró, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì pàdánù. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹrin 2025, ọ̀pọ̀ tún sunkún nítorí CBEX. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ SEC, àjọ ìjọba tí ń bójú tó ìdókòwò.

4. Ìròyìn tí a kò wádìí. Nígbà àrùn Ebola ní oṣù Kẹjọ 2014, ìròyìn tàn ká pé kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu ún. Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé kò wo àrùn náà, a sì gbọ́ pé ènìyàn méjì kú nípa mímu omi iyọ̀ ní Nàìjíríà. Ìfẹ́ ni ọ̀pọ̀ fi pín ìròyìn náà. Ìfẹ́ láìsí ìwádìí lè pa ènìyàn.

ÌLÒ Ẹ̀KỌ́

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe fi pamọ́. Ẹ sọ fún báńkì lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n dí àkáǹtì náà, nítorí wákàtí kan tí ìtìjú fi dá yín dúró ni olè fi ń kó èyí tí ó kù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi tó ọlọ́pàá tàbí EFCC létí. Láti ọdún 2015 ni Nàìjíríà ti ní òfin tí ó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀yin tí a bá wá sọ fún, ẹ má ṣe kùn bí ìjọ Ísírẹ́lì ti kùn ní ẹsẹ 18. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ kò nílò ẹ̀gàn. Ẹ bá a pe báńkì ná. Bí a bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹlòmíràn tí a bá tàn lọ́la kò ní lajú sọ ọ́.

FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ẹ̀rí tí ẹlẹ́tàn gbé wá àti ẹ̀rí tí a fúnra wa wá?
2. Kí ni ó máa ń jẹ́ kí ẹni tí a tàn jẹ fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹbí rẹ̀?
3. Báwo ni kíláàsì wa ṣe lè ran àwọn àgbàlagbà tí kò mọ̀wé lọ́wọ́?

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí: Ẹ kọ nọ́ńbà báńkì yín sínú ìwé nílé, nítorí fóònù tí olè gbé kò ṣeé pè báńkì. Ẹ fi PIN tí WhatsApp pèsè fún ààbò sórí tiyín. Kí ẹ tó wá lọ́jọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ kọ́ ẹnìkan nínú ilé yín ní ẹ̀kọ́ yìí.