Ta Ló Sọ Ọ́ Fún Ọ? Ẹ̀kọ́ Lórí Ìròyìn Ìpànìyàn Tí Òṣèlú Wọ̀

  



Lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Àìkú kan ní Sábó níbí, àwọn ọ̀dọ́ méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ara wọn lọ́rùn mú lójú wa. Ọmọ Yorùbá ni ọ̀kan, ọmọ Haúsá tí wọ́n bí sí Ilé-Ifẹ̀ ni èkejì. Orí ẹní kan náà ni àwọn méjèèjì ti ka Àlùkùránì parí nílé kéwú wa. Ohun tó fa ìjà ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ 8 oṣù March ọdún 2017, ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ṣàn ní Sábó. Ọ̀kan ní, “Àwọn ènìyàn yín ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.” Èkejì ní, “Àwọn ènìyàn yín ló pa wá.”

A mú wọn jókòó. A bi wọ́n pé ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n nígbà náà. Ọ̀kan ní mẹ́sàn-án, èkejì ní mọ́kànlá. A bi wọ́n pé níbo ni wọ́n wà lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Èkejì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá tí bàbá rẹ̀ tì pa. A wá bi wọ́n ní ìbéèrè kẹta: “Ta ló sọ ọ́ fún ọ?” Kò sí ẹni tó dáhùn nínú àwọn méjèèjì.

Ìbéèrè kẹta yìí ni ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí.

Ohun tí ẹ̀sìn wa wí

Nínú Súrà Hujurat, áyà kẹfà, Ọlọ́hun pa wá láṣẹ pé bí ẹni tí kò ṣeé gbára lé bá mú ìròyìn wá, kí á wádìí rẹ̀ dájú, kí á má baà fi àìmọ̀kan ṣe àwọn kan ní ibi, kí á sì wá máa kábàámọ̀. Nínú Súrà Maida, áyà kẹjọ, Ó kìlọ̀ pé kí ìkórìíra tí a ní sí àwọn kan má ṣe mú wa yẹ ìdájọ́ òdodo. Nínú Súrà Nisai, áyà 135, Ó ní kí á jẹ́rìí sí òtítọ́, ì báà jẹ́ pé òun yóò ta ko àwa fúnra wa, àwọn òbí wa tàbí àwọn ìbátan wa. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun náà sì kọ́ wa pé bí ènìyàn bá ń sọ gbogbo ohun tó bá sáà ti gbọ́, ìyẹn nìkan tó láti sọ ọ́ di òpùrọ́. Ẹ kíyè sí i: kò dìgbà tó bá hùmọ̀ irọ́ tirẹ̀.

Àwọn baba wa náà wí i pé agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ìpànìyàn tó kọ́ àwọn onímọ̀ ní ìwádìí

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lórí wa. Ní ọdún 35 lẹ́yìn Hijira, tí í ṣe 656, àwọn ọlọ̀tẹ̀ wọlé tọ Khalifa kẹta, Uthman ọmọ Affan, ní Medina, wọ́n sì pa á. Ìjà Jamal àti ìjà Siffin tẹ̀lé e láàrin ọdún méjì. Látọjọ́ náà ni oníkálukú ti ń sọ ìtàn tirẹ̀. Ta ló rán wọn? Ta ló kọ lẹ́tà tí wọ́n ní àwọn gbà lọ́wọ́ ìránṣẹ́ lọ́nà Íjíbítì, èyí tí Uthman búra pé òun kò kọ?

Muhammad ọmọ Sirin, tó jẹ́ onímọ̀ ní ìran tó tẹ̀lé ti àwọn sàhábà, ṣàlàyé pé kí rògbòdìyàn tó dé, àwọn ènìyàn kì í béèrè ẹni tí a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà tí rògbòdìyàn dé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè orúkọ àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ wá. Báyìí ni isnadi ṣe di òpó ìmọ̀ hádísì. Isnadi ni okùn orúkọ àwọn ènìyàn tí ọ̀rọ̀ gba ẹnu wọn kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Nígbà tí Imaamu Tabari, tó kú ní ọdún 310 Hijira, fẹ́ kọ ìtàn ikú Uthman, ọ̀pọ̀ ẹnu ló bá lórí rẹ̀. Sayf ọmọ Umar di ẹ̀bi púpọ̀ ru ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Abdullah ọmọ Saba. Al-Waqidi àti àwọn mìíràn sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀sùn tí àwọn ará ìlú fi kan àwọn gómìnà. Tabari kò po gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ìtàn kan. Ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì kọ orúkọ ẹni tó gba ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́nu rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀, ó sọ fún òǹkàwé pé bó bá rí ohun tó ṣàjèjì níbẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó sọ ọ́ fún òun ló ti wá.

Àwọn olùṣàyẹ̀wò hádísì bíi Yahya ọmọ Ma'in wá yẹ Sayf wò, wọ́n ní aláìlera ni nínú hádísì. Ṣùgbọ́n Ibn Hajar, tó kú ní ọdún 852 Hijira, sọ pé lóòótọ́ ni ó jẹ́ aláìlera nínú hádísì, síbẹ̀ òpó ni nínú ìtàn. Ẹ ò rí i pé ìwọ̀n ni wọ́n fi ń wọn ènìyàn? Wọn kò sọ pé nítorí ẹni yìí ní ìhà kan, irọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sọ pé nítorí ó jẹ́ tiwa, òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ikú Bọ́lá Ìgè

Ẹ jẹ́ kí á gbé ìwọ̀n yìí wá sílé. Olóyè Bọ́lá Ìgè ni gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti 1979 dé 1983, nígbà tí Ilé-Ifẹ̀ ṣì wà lábẹ́ Ọ̀yọ́. Òun ni Mínísítà fún ètò ìdájọ́ ní ọdún 2001. Ní oṣù December ọdún náà, wọ́n ṣí fìlà lórí rẹ̀ láàfin Ọọ̀ni níbi ayẹyẹ ìwúyè fún aya Ààrẹ. Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n pa Ọdúnayọ̀ Ọlágbajú, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ọ̀ṣun, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 23 oṣù náà, wọ́n yìnbọn pa Ìgè nínú ilé rẹ̀ ní Bódìjà, Ìbàdàn.

Ìjà ti wà láàrin Gómìnà Bísí Àkàndé àti igbákejì rẹ̀, Ìyíọlá Omíṣore, nínú ẹgbẹ́ òṣèlú AD nígbà náà. Kíá ni ìlú ti so ọ̀rọ̀ pọ̀: fìlà, Ọlágbajú, Ìgè. Àwọn kan ní ìjà Ọ̀ṣun ló pa á. Àwọn mìíràn ní ọwọ́ tó pa á ti òkè wá, kì í ṣe ti Ọ̀ṣun. Ìwé ìròyìn tí ń fẹ́ ìhà kan ń gbé ti ìhà kan jáde. Ìjọba mú Omíṣore, wọ́n sì gbé e lọ sílé ẹjọ́. Inú àtìmọ́lé ló wà nígbà tó wọlé ìbò sẹ́nétọ̀ ní 2003. Ní 2004, ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀ pé kò jẹ̀bi. Ní 2016, Ààrẹ Buhari pàṣẹ pé kí ọlọ́pàá tún ìwádìí náà ṣí. Títí di ìgbà tí a ń kọ èyí, ilé ẹjọ́ kò tíì rí ẹnì kan dá lẹ́bi ikú Ìgè.

Síbẹ̀, bí ẹ bá jókòó nídìí ayò ní Ifẹ̀, ẹ óò gbọ́ orúkọ apààyàn lẹ́nu ènìyàn mẹ́wàá, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ wò ó bí ìtàn náà ṣe so pọ̀. Lóòótọ́ ni wọ́n ṣí fìlà. Lóòótọ́ ni wọ́n pa Ọlágbajú. Lóòótọ́ ni wọ́n pa Ìgè. Ṣùgbọ́n okùn tó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ńkọ́? Ẹnu wa ló hun ún. Pé ohun kan tẹ̀lé òmíràn kò fi hàn pé òun ló bí i. Ẹni tí ilé ẹjọ́ sì dá sílẹ̀, mùsùlùmí kò gbọdọ̀ máa pè é ní apààyàn nítorí pé ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ kì í ṣe tiwa.

Ìbéèrè márùn-ún

Nínú gbogbo èyí, a yọ ìbéèrè márùn-ún jáde tí kí ẹ máa bi ara yín kí ẹ tó ya ẹnu.

Èkínní: Ta ló sọ ọ́? Ọ̀rọ̀ tí kò ní orúkọ lẹ́yìn, àhesọ ni. “Wọ́n ní” kì í ṣe orúkọ ènìyàn.

Èkejì: Ṣé ó ṣojú rẹ̀? Ẹni tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lè jẹ́rìí sí ariwo tó gbọ́. Kò lè jẹ́rìí sí ẹni tó mú àdá dání.

Ẹ̀kẹta: Èrè wo ló wà níbẹ̀ fún un? Bí ó bá ní ìhà tó ń gbè, ẹ má ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ nù, ẹ wọ̀n ọ́n. Ibi tí ó bá ti sọ ohun tó ta ko ìhà tirẹ̀, ẹ̀rí tó lágbára ni. Ibi tí ọ̀tá méjì bá sì ti sọ ohun kan náà, ẹ lè fi ọkàn tẹ̀ é.

Ẹ̀kẹrin: Ṣé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró? Wọ́n pa Àlájà Kúdírátù Abíọ́lá ní Èkó ní ọjọ́ 4 oṣù June 1996. Ọmọ ogun kan sọ nílé ẹjọ́ pé òun ló yìnbọn, lẹ́yìn náà ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2012, ilé ẹjọ́ gíga Èkó dá ikú fún Májọ̀ Hamza al-Mustapha lórí ọ̀ràn náà. Ní 2013, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tú u sílẹ̀, nítorí ẹ̀rí àwọn ẹlẹ́rìí ta kora. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá di méjì, àwọn onímọ̀ hádísì náà kì í fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan dájọ́.

Ẹ̀karùn-ún: Kí ni kò sọ? Irọ́ kì í ṣe inú ohun tí a sọ nìkan, ó wà nínú ohun tí a gbé pamọ́ pẹ̀lú.

Ó di Sábó

Ẹ jẹ́ kí á fi ìbéèrè karùn-ún yìí wo ọ̀rọ̀ tiwa. Nígbà ìjà 2017, Gómìnà Raúf Arẹ́gbẹ́ṣọlá fi òfin kónílé-ó-gbélé de ìlú. Ọlọ́pàá sọ pé ènìyàn 46 ló kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù March, wọ́n kó ènìyàn 20 jáde fún àwọn oníròyìn ní Àbújá. Àwọn àgbààgbà Yorùbá figbe ta pé ẹ̀yà kan ṣoṣo ni wọ́n mú, bí ẹni pé ọwọ́ kan ló pàtẹ́wọ́. Àwọn Haúsá ní tiwọn béèrè pé ṣé òkú àwọn àti ṣọ́ọ̀bù àwọn tó jóná ni kí á fi sílẹ̀ láìsọ. Ìwé ìròyìn kan bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti orí obìnrin Yorùbá kan tí wọ́n lù. Òmíràn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti orí ilé tí wọ́n sun. Ibi tí ènìyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn ló ń fi hàn ẹni tó fẹ́ kí á dá lẹ́bi.

Ohun tí a fẹ́ lọ́dọ̀ yín le. Ọmọ Yorùbá tó jẹ́ mùsùlùmí, òun ni kó kọ́kọ́ sọ ohun tó mọ̀ pé àwọn Yorùbá ṣe. Ọmọ Haúsá tó jẹ́ mùsùlùmí, òun ni kó kọ́kọ́ sọ ohun tó mọ̀ pé àwọn Haúsá ṣe. Èyí gan-an ni jíjẹ́rìí lé ara ẹni lórí tí Súrà Nisai pàṣẹ.

Àtakò kan

Ẹnì kan lè sọ pé, “Bí a bá ń béèrè báyìí, àwọn apààyàn á lọ láìjìyà.” Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ta ló jàǹfààní jù nígbà tí ìlú bá ní orúkọ mẹ́wàá? Apààyàn gan-an ni, nítorí ó ti sá sáàrin ariwo. Súrà Maida, áyà 32, sọ fún wa pé ẹni tó pa ẹ̀mí kan láìtọ́ dà bí ẹni tó pa gbogbo ènìyàn. Nítorí náà, gbígbàgbé kò tọ́ sí wa. Kí á máa béèrè ìdájọ́ fún Ìgè, fún Ọlágbajú, fún Kúdírátù àti fún àwọn òkú Sábó tí a kò mọ orúkọ wọn. Kí á sì má sọ orúkọ tí a kò ní ẹ̀rí rẹ̀. “Ọlọ́hun ló mọ̀” kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojo nígbà tí ó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni a kò mọ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ méjì tí a sọ̀rọ̀ wọn kò tíì fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ 2017. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọmọ Yorùbá náà wá bá wa. Ó ní òun bi bàbá òun ní ìbéèrè kẹta náà, bàbá òun sì dákẹ́ pẹ́ títí, ó wá ní, “Èmi náà kò sí níbẹ̀.”

Kí Ọlọ́hun fi òtítọ́ hàn wá, kí Ó fún wa lágbára láti sọ ọ́, kí Ó sì tẹ́ àwọn tó kú lábẹ́ ìyà sí afẹ́fẹ́ rere. Àmín.

Ìbéèrè fún ìjíròrò lẹ́ka yín

1. Kí ló dé tí Tabari fi to àwọn ìròyìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn dípò kí ó po wọ́n pọ̀?
2. Ẹ mú ìròyìn kan tí ẹ gbọ́ lóṣù yìí. Ẹ fi ìbéèrè márààrún wọ̀n ọ́n.
3. Kí ni ohun kan tí àwọn ènìyàn tìrẹ ṣe tí o kò tíì sọ síta rí?