Pààrọ̀ ni, àbí fi kún?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ̀wé sí mi láti Santasi, ní ìlú Kumasi, lórílẹ̀-èdè Gánà. Gbólóhùn kan nínú ìwé rẹ̀ ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, mo ń ronú bóyá kí n yí láti PS4 sí kọ̀ǹpútà.” Ohun tó ní lọ́kàn yé mi. PS4 ló fi ń ṣeré géèmù tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà ló wá wù ú báyìí. Ṣùgbọ́n “yí láti ibí sí ọ̀hún” kò mọ́ Yorùbá lẹ́nu. Ohùn lè yí padà, ojú ọjọ́ lè yí padà, táyà a máa yí. Ẹni tó fi nǹkan kan sílẹ̀ tó mú òmíràn, a kì í sọ pé ó yí.

N kò dá a lẹ́bi o. Ó ti pẹ́ tí àwọn Yorùbá ti ń ṣòwò ní Kumasi. Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin àti Èjìgbò ni ọ̀pọ̀ wọn ti lọ. Ní oṣù November 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú fi Gánà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì forí lé ilé. Nínú ìdílé tó ṣẹ́kù síbẹ̀, Twi ni àwọn ọmọ ń gbọ́ ládùúgbò, òyìnbó ni wọ́n fi ń kàwé, Yorùbá wá di èdè inú ilé. Ọmọ tó ṣì ń fi Yorùbá kọ lẹ́tà látibẹ̀, orí mi wú nítorí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fara balẹ̀ dá a lóhùn.

Àbúrò, kí ni o fẹ́ ṣe gan-an? Ọ̀rọ̀ tí o máa lò wà lọ́wọ́ ìyẹn. Bí o bá fẹ́ gbé PS4 fún ẹnì kan, kí o fowó lé e, kí o sì gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀, o fẹ́ *fi PS4 pààrọ̀ kọ̀ǹpútà* nìyẹn. Ọ̀kan jáde, ọ̀kan wọlé. Bí PS4 yóò bá ṣì wà nílé, o fẹ́ *fi kọ̀ǹpútà kún un* ni. Bí ó bá sì jẹ́ pé PS ti sú ọ, yálà o tà á tàbí o kò tà á, sọ pé o fẹ́ *kúrò nídìí PS, kí o bọ́ sídìí kọ̀ǹpútà*. Ìpinnu mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, owó tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ná ọ kò sì dọ́gba. Gbólóhùn tí o kọ bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Má fojú kéré “ìdí” yẹn. Yorùbá máa ń wà nídìí ohun tó ń ṣe: nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, nídìí ọtí, nídìí ayò. Ìdí iṣẹ́ ẹni ni a ti í mọ ẹni lọ́lẹ. Ìyá tó bá ń bínú yóò ní, “Láti àárọ̀ ló ti wà nídìí PS!”

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí n kò fẹ́ kí o ṣì lò: *kó*. Ẹni tó bá kó kúrò níbì kan, ẹrù rẹ̀ ń bá a lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ọdún 1969 fi ń dun àwọn àgbà títí di òní, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kò ráyè kó. Wọ́n lé wọn ni, ọjà àti ilé sì wà lẹ́yìn. Tìrẹ kò tó ìyẹn rárá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹrù wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ní PS4 lè kó lọ sí PS5, nítorí PS5 tó bá ní ojú díìsì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú díìsì PS4. Kọ̀ǹpútà kò gbà á. Géèmù tí o ti fowó rà fún PS, o tún máa rà á lọ́tọ̀ lórí Steam, ọjà géèmù orí kọ̀ǹpútà tó ti wà láti 2003, tàbí ní ọjà mìíràn tó jọ ọ́. Àwọn kan wà, bíi Fortnite, tí orúkọ rẹ àti ohun tí o ti rà níbẹ̀ ń tẹ̀ lé ọ, àmọ́ wọn kò pọ̀. Tún rántí pé díìsì ṣeé yá ọ̀rẹ́, ó sì ṣeé tà nígbà tó bá sú ọ. Èyí tí o bá rà lórí Steam kò ṣeé tà fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, ka díìsì ilé rẹ kí o tó sọ pé o ń *kó lọ*.

Lórí owó, o kọ pé “iye owó kọ̀ǹpútà ga”. Ó *gbówó lórí*, tàbí kí o ní ó *wọ́n*. Òótọ́ sì ni, nítorí kọ̀ǹpútà tó lè gbé géèmù tó wúwo gbọ́dọ̀ ní káàdì tó ń gbé àwòrán jáde, káàdì ọ̀hún nìkan a sì máa wọ́n ju PS4 lọ. Ohun tó dín ìnira rẹ̀ kù ni pé PS ń gba owó PS Plus lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ bá ará ìta díje nínú ọ̀pọ̀ géèmù tí a fowó rà, kọ̀ǹpútà kì í gba irú owó bẹ́ẹ̀. O tún pe èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún ọ ní “òkìrìkà”. Aṣọ ni òkìrìkà. Ẹ̀rọ tí ẹnì kan ti lò ní Kumasi níbẹ̀, *àlòkù* ni. Èyí tí wọ́n lò lókè òkun kí ó tó dé, *tòkunbọ̀* ni. Bi ẹni tó ń tà á léèrè èwo nínú méjèèjì, nítorí bí àlòkù bá ní àrùn, o ṣì lè wá ẹni tó lò ó kàn.

Iná ńkọ́? Ẹ̀yin ará Gánà ń pe lílọ-bíbọ̀ rẹ̀ ní dumsor, pa á kí o tàn án. Ní Yorùbá, fìtílà ló ń kú. Iná mànàmáná, ṣe ni wọ́n ń mú un lọ. Bí wọ́n bá mú un lọ, PS àti kọ̀ǹpútà orí tábìlì jọ ń kú ni. Láptọ́ọ̀pù yóò dúró fún ọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé géèmù ńlá máa ń tètè jẹ bátìrì rẹ̀ tán. Ní Santasi, láptọ́ọ̀pù ni mo máa rà.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń fa àríyànjiyàn jù lọ. Ṣé à ń ta géèmù ni, àbí à ń gbá a, àbí à ń ṣe é? *Ta* ni ti ayò, eré tí àwọn Asante ń pè ní oware, ilé méjìlá, ọmọ ayò 48. Láti ibẹ̀ ni *ọ̀ta* àti *ọ̀pẹ* ti wá, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta àti ẹni tí wọ́n ń jẹ láyò. Ọ̀mì náà, a máa ń ta á, kódà nínú bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n tẹ́tẹ́ pẹ̀lú, títa ni, nítorí náà bí o bá sọ fún bàbá rẹ pé o ń ta géèmù, ọkàn rẹ̀ lè lọ síbi tí o kò rò. *Gbá* bá bọ́ọ̀lù orí PS mu, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi ọ́ léèrè bí o bá ní o gbá FIFA, bí wọ́n tilẹ̀ ti pa orúkọ yẹn dà sí FC láti 2023. Ṣùgbọ́n eré ọkọ̀ tàbí eré ogun, bọ́ọ̀lù wo ni a ń gbá níbẹ̀? *Ṣeré* ló gba gbogbo wọn: mo ń fi PS ṣeré, mo ń fi kọ̀ǹpútà ṣeré.

*Ṣe géèmù*, mo bẹ̀ ọ́, fi í pamọ́ fún ẹni tó ń dá géèmù sílẹ̀. Irú wọn ti gba Kumasi kọjá. KNUST, yunifásítì tó wà ní Kumasi níbẹ̀, ni Eyram Tawia ti kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kí òun àti Wesley Kirinya, ọmọ Kẹ́ńyà, tó dá Leti Arts sílẹ̀ ní 2009. Ọ̀kan nínú géèmù wọn dá lórí Ananse inú àlọ́ Akan. Èyí gan-an ló jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn kọ̀ǹpútà. PS4 kò ní jẹ́ kí o ṣe géèmù tìrẹ bí àwọn yẹn ti ṣe tiwọn. Láptọ́ọ̀pù yóò jẹ́ kí o ṣe é, irinṣẹ́ bíi Godot àti Blender sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé ni gbogbo ohun tí o ń wá, dúró sídìí PS rẹ, kò sí ohun tó ṣe é.

Ìlà tó gbẹ̀yìn lẹ́tà rẹ nìyí, bí o ṣe tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì sí i: “Mo fe ko geemu.” Mo kà á títí. Bí ó bá jẹ́ *kọ́*, o fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ *kọ*, o fẹ́ jókòó kọ ọ́ fúnra rẹ, kí àwa náà wá fi ṣeré. Bí ó bá jẹ́ *kọ̀*, o ti pa á tì pátápátá, kò sì sídìí láti ra kọ̀ǹpútà kankan. Fi àmì sí i, kí o tún kọ̀wé sí mi.