Alájọ ń gba ọjọ́ kan: ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń kọ ètò ìlera ìjọba

Ní sáà tó kọjá, olùkọ́ wa kan bi wá ní ìbéèrè kan nínú iṣẹ́ àṣetiléwá: kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi máa ń kọ ètò tí ìjọba ní òun ṣe nítorí wọn? Mo rò pé mo ti mọ èsì rẹ̀ kí n tó gbé bírò. Mo kọ ọ́ pé àìmọ̀kan ni. Olùkọ́ wa fa ìlà pupa sí abẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì kọ ìbéèrè kékeré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "Ta ni o bi?"

N kò bi ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a gba ìsinmi, mo bẹ̀rẹ̀ láti ilé.

Agége ni a ń gbé. Màámi ń se oúnjẹ tà fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ìtòsí Ọba Àkran, ní Ìkẹjà. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti sọ fún un pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ọjà kò bá tà, oògùn rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń fò. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti máàkì nìkan fún mi.

Ètò tí mo fẹ́ kí ó wọ̀ ni Ìlera Èkó, ìyẹn ètò adójútòfò ìlera ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Òfin tó gbé e kalẹ̀ jáde ní ọdún 2015, nígbà Gómìnà Fáṣọlá. Ìjọba Ambode sì ṣí i fún ará ìlú ní oṣù Kejìlá ọdún 2018. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, 8,500 náírà ni ẹnì kan ń san lọ́dún. 40,000 náírà ni ti ọkọ, aya àti ọmọ mẹ́rin. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó sọ adójútòfò ìlera di dandan ní Nàìjíríà. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Gómìnà Sanwó-Olú pàṣẹ pé dandan ni ní Èkó náà. Ṣùgbọ́n dandan inú ìwé ọ̀tọ̀, dandan ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ tí Màámi ń tajà sí ọ̀tọ̀.

Mo fi iye ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ṣírò fún un: bí a bá pín 8,500 náírà sí ọjọ́ 365, kò pé 24 náírà lójúmọ́. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni òun ń dá fún alájọ lójoojúmọ́. Ó ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ mi tán.

"Ọmọ mi, alájọ ń gba ọjọ́ kan nínú oṣù, ó ń kó ìyókù fún mi. Àwọn tìrẹ yìí, ọjọ́ mélòó ni wọ́n ń gbà?"

"Màámi, wọn kì í dá a padà. Bí ara yín kò bá yá, ẹ ó fi gba ìtọ́jú."

"Bí ara mi bá wá yá ńkọ́?"

"Ẹlòmíràn tí ara rẹ̀ kò yá á lò ó."

"Ta ni ẹlòmíràn náà? Ṣé mo mọ̀ ọ́n ni?"

Ìbéèrè yìí ni ó wó àpilẹ̀kọ mi lulẹ̀. Màámi kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ó ti fi ìbéèrè mẹ́ta péré fi ìyàtọ̀ hàn láàárín àjọ àti adójútòfò, èyí tí mo fi ojú ìwé méjì ṣàlàyé tí kò yé ẹnikẹ́ni. Nínú àjọ, owó rẹ ni yóò padà sọ́wọ́ rẹ, o sì mọ ilé alájọ. Nínú adójútòfò, owó ẹni tí ara rẹ̀ yá ni a fi ń tọ́jú ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Bí àwọn tí ara wọn yá kò bá wọlé, owó kò ní tó. Kí ètò bẹ́ẹ̀ tó lè dúró, ènìyàn ní láti gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí kò rí rí.

Mo bá àwọn tó ń jẹun lọ́dọ̀ Màámi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé níbi iṣẹ́ òun àkọ́kọ́, wọ́n ń yọ owó kan nínú owó oṣù òun. Ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé, kò rí ẹni tí yóò bi nípa rẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá." Ìtàn irú owó yíyọ bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ lórílẹ̀-èdè yìí. National Provident Fund bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1961 fún ọjọ́ ogbó òṣìṣẹ́. Òfin National Housing Fund ti ọdún 1992 ní kí a máa yọ ìdá méjì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù fún ètò ilé. Ẹni tó háyà yàrá kan ní Agége kò rí bí òun ṣe fẹ́ dé inú ilé náà.

Adrian Peace, tó ṣe ìwádìí láàárín àwọn òṣìṣẹ́ Agége, tẹ ìwé Choice, Class and Conflict jáde ní ọdún 1979. Ó fi hàn níbẹ̀ pé ọ̀pọ̀ wọn ka iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ sí ọ̀nà láti kó owó jọ, kí wọ́n lè dá òwò tiwọn sílẹ̀. Ẹni tó ń múra àtilọ yóò fẹ́ràn owó ọwọ́ ju ìlérí lọ.

Ìtàn tó yà mí lẹ́nu jù ṣẹlẹ̀ kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Agége àti Ìkẹjà wà nígbà náà. Ní ọdún 1953, ìjọba Ẹgbẹ́ Action Group, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bu owó orí tuntun fún ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera: ṣílè 10 àti kọ́bọ̀ 6. Àwọn ènìyàn faraya. Ẹgbẹ́ NCNC gbé ẹjọ́ náà kiri, nígbà tí ìbò àpapọ̀ ọdún 1954 sì dé, àwọn ló gba ìjókòó 23 nínú 42 ní Ìwọ̀-Oòrùn.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò sókè láti nǹkan bí 457,000 ní ọdún 1954 sí ohun tó lé ní 811,000. Ní ọdún 1956, àwọn olùdìbò Ìwọ̀-Oòrùn kan náà fún Action Group ní ìjókòó 48 nínú 80. N kò sọ pé ilé-ìwé nìkan ló fà á. Ìbò ní ọ̀pọ̀ ìdí. Ṣùgbọ́n ní 1954, owó orí nìkan ni wọ́n tíì rí. Ní 1956, wọ́n ti rí ọmọ wọn nínú aṣọ ilé-ìwé.

Ẹ má sì jẹ́ kí a rò pé tálákà nìkan ló ń kọ̀. Ní ọdún 1962, Dókítà Májẹ̀kódùnmí, mínísítà ètò ìlera, gbé àbá adójútòfò ìlera wá fún Èkó, kò yọrí. Ọdún 2005 ni ètò náà tó bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1962 yẹn kan náà, àwọn dókítà ní Saskatchewan, ní Kánádà, daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 23 nítorí irú ètò bẹ́ẹ̀. Ètò náà kò kú. Òun ni gbogbo Kánádà wá fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí. Bí ènìyàn bá kọ ètò kan, kí a tó pè é ní aláìmọ̀kan, kí a wádìí bóyá a ti dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: ta ni owó náà wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ìgbà wo ni mo máa rí èrè rẹ̀? Ta ni mo mọ̀ tó ti jẹ nínú rẹ̀? Àṣẹ gómìnà lè mú kí ènìyàn sanwó. Kò lè dáhùn èyíkéyìí nínú wọn. Nọ́ọ̀sì tó ṣí fáìlì, tó sì fún aláìsàn ní oògùn láìsí "ẹ lọ rà á níta," ló lè dáhùn ẹ̀kẹta. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ iṣẹ́ àṣekágbá lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ̀.

Mo tún àpilẹ̀kọ náà kọ. Ti Màámi kò tíì parí. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo ń padà sí ilé-ìwé, ó sọ owó kan sí mi lápò.

"Lọ fi san tìrẹ ná," ó ní. "Bí wọ́n bá tọ́jú rẹ, n ó mọ̀."

Mo ti san án. Oògùn rẹ̀ ni mo ń fi ìyókù owó ọwọ́ mi rà títí yóò fi rí i.